Ohùn Tí Kò Sí Nínú Fíìmù Kànga

Ẹni tó bá mọ bàbá ìyá mi ní Agbowó kò ní gbà pé ohùn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ jẹun nígbà èwe wọn. Bí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀, àfi kí èèyàn sún mọ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá nínú ilé wa máa ń tẹ orí sílẹ̀ kí wọ́n tó lè gbọ́ ohun tí onílé ń wí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí a ń lọ, wọn kì í gbà láti ka Bíbélì níwájú ìjọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀wé kà dáadáa. Bí pásítọ̀ bá gbé gbohùngbohùn sún mọ́ wọn, wọn á rọra fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn, bí ẹni tó ti yó ṣe ń ti àwo oúnjẹ. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo ti sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú nǹkan yẹn."

Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Mo dúró ní kíláàsì kejì ní girama, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ilé náà bá mi lára mu. A lè jókòó láti ìgbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé títí oúnjẹ fi máa jinná, kí a má sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìgbà kan tí wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí ìyá mi, mo ní mi ò lè kọ ọ́ bí àwọn tó kàwé. Wọ́n ní, "Kọ ohun tí ojú ẹ rí. Èyí tí ojú ẹ ò bá rí, fi àyè ẹ̀ sílẹ̀." Bí mo ṣe ń kọ èyí náà nìyẹn.

Bàbá Síníma ni àwọn àgbà àdúgbò ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, mọ́tò kan wà tí ó máa ń gbé síníma kiri abúlé. Wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n á tan ẹ̀rọ, àwọn ará abúlé á jókòó sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù, nítorí náà Bàbá ló ń di gbohùngbohùn mú tí wọ́n ń fi Yorùbá ṣàlàyé: bí a ṣe ń fọ ọwọ́, bí a ṣe ń sá kòkó, ìdí tó fi yẹ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́. Bí ayàwòrán bá sì fẹ́ lọ ya fíìmù tuntun, àwọn náà ló ń mú dání kí wọ́n lè bá àwọn èèyàn ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo mọ gbogbo èyí ní kékeré. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí iṣẹ́ náà ṣe parí.

Àṣà iṣẹ́ náà kò kúrò ní ọwọ́ wọn rárá. Ẹni tó bá gbé fọ́tò fún wọn, etí fọ́tò náà ni wọ́n máa fi ìka méjì mú. Ní ọjọ́ kan mo mú fọ́tò òkú ẹnìkan wálé láti ibi iṣẹ́, èyí tí àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ kí a tẹ̀ sójú ìwé ìsìnkú, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ẹ̀wù wọn nu ìtẹ̀ka mi kúrò. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ojú èèyàn ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tí wọ́n bínú sí gidi ni ọ̀rọ̀ kànga ilé wa. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, gbogbo onílé ní òpópónà wa máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti kànga wọn. Tiwa kò ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ará ilé kejì, àwọn tó ń ta búrẹ́dì lójú títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi tí mi ò mọ̀, gbogbo wọn ń gbé korobá wá. Ní ọdún kan, ayálégbé kan lọ ra kọ́kọ́rọ́, ó fi ti ìdérí kànga náà. Ó wá ṣàlàyé fún Bàbá pé àwọn ará ìta ń fi ẹrẹ̀ ba àgbàlá jẹ́, pé omi náà sì ti ń lọ sílẹ̀, àti pé gbogbo àwọn tó wà nínú ilé ló fọwọ́ sí i. Bàbá ní kó lọ ṣí i. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo Ìbàdàn wá wẹ̀ nílé yín ni?" Wọ́n ní tí kò bá ṣí i, kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ó ya àwọn ayálégbé tó kù lẹ́nu, torí olójú àánú ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí. Ọkùnrin náà ṣí i. Nígbà tó gbé kọ́kọ́rọ́ náà wá, Bàbá ní, "Má bínú sí mi. Ó rọrùn láti dí nǹkan. Ẹni tó dí i kọ́ ló máa mọ bó ṣe máa ṣí."

Ìlú wa wà ní Òkè-Ògùn. Bàbá kì í sùn níbẹ̀. Bí wọ́n bá lọ síbi òkú tàbí ìgbéyàwó, àárọ̀ ni wọ́n máa lọ, wọ́n á ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kò kọ́lé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan ṣoṣo tó kù ń gbé níbẹ̀. Ìyá Òkè ni àwa ọmọ-ọmọ ń pè wọ́n. Wọ́n ga, ẹ̀jí wà lẹ́nu wọn, ẹsẹ̀ òsì wọn kò sì nà dáadáa. Bí wọ́n bá wá sí Ìbàdàn wá gba ìtọ́jú, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń dé sí, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù omi méjì ni wọ́n máa ń gbé wá láti ìlú. Wọ́n á jẹ oúnjẹ tí mo bá sè. Wọn ò ní mu omi ilé náà. Bàbá, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí wọn. Ìyá Òkè á ní, "Àlàmú, dìde," láìwo ojú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Ìyá Òkè máa ń sọ nígbàkúùgbà tí inú bá bí wọn, wọ́n á sọ ọ́ sí afẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń jẹ́jọ̀ọ́ níwájú adájọ́ kan tí a kò rí: "Èmi ò ju òkúta kankan síbẹ̀. Apá mi ni mo ká." Mo rò pé ìjà ilẹ̀ ni. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n na ìka sí yàrá Bàbá. Wọ́n ní, "Bi í. Òun ni Ọlọ́run fún lẹ́nu."

Fọláṣadé ló jẹ́ kí n gbọ́ èyí tó kù. Bódìjà ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wá àwọn fíìmù àtijọ́ tí àwọn èèyàn ti gbàgbé, kí ó tò wọ́n pọ̀, kí ó fi wọ́n ṣe fíìmù tuntun nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní kí n má pe òun ní àǹtí, nítorí ọdún mẹ́ta péré ni òun fi jù mí lọ. Wọ́n ń palẹ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan mọ́ ní Ring Road, wọ́n sì ń kó àwọn agolo fíìmù dànù. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún un ní èyí tó lè gbé. Ẹnìkan ló sọ fún un pé bàbá arúgbó kan wà ní Agbowó tó mọ irú iṣẹ́ náà.

Bàbá ṣí agolo kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bí ọtí kíkan. Wọ́n ní fíìmù tó bá ti ń rùn báyẹn ti ń kú lọ, kí ó tètè wá ibi tí wọ́n á ti dà á kọ. Wọ́n wá fa díẹ̀ jáde, wọ́n di etí rẹ̀ mú, wọ́n nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Àwòrán kéékèèké ni, wọn kò ju èékánná lọ. Bàbá ń wo wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì. Fọláṣadé bi wọ́n pé ibo nìyẹn. Wọ́n ní, "Ilé wa ni."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó padà wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Wọ́n ti bá a da fíìmù náà kọ síbẹ̀. Ọ̀sán ni, a ti ilẹ̀kùn pálọ̀, a fa aṣọ fèrèsé. Fíìmù náà kò ní ohùn rárá. A rí omi tó ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tuntun, a rí àwọn ọmọ tó ń tẹ́ ọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni a rí kànga ńlá kan tí òkúta yí ẹnu rẹ̀ ká. Ọkùnrin, obìnrin, wọ́n ń kó òkúta bọ̀, wọ́n ń jù ú sínú kànga náà, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ní etí àwòrán náà, gbohùngbohùn kan yọ, pẹ̀lú ọwọ́ tó dì í mú. A kò rí ẹni tó ni ọwọ́ náà.

Fọláṣadé ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù òun. Ó ní òun á fi orin dídùn sábẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè rí bí inú àwọn èèyàn ṣe ń dùn nígbà tí ọ̀làjú kọ́kọ́ dé.

Bàbá ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé inú wọn ń dùn?"

"Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, sà."

"A ní kí wọ́n rín in ni."

Fọláṣadé wo kọ̀ǹpútà, ó wo Bàbá. Ó ní, "Ta ni 'a', sà?"

Bàbá na ìka sí gbohùngbohùn tó yọ létí àwòrán náà. Wọ́n ní, "Ohùn tí kò sí nínú fíìmù yìí, èmi ni mo ni ín."

Wọ́n wá sọ ọ́ fún wa. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi ní ìlú wa, ayàwòrán ní ẹ̀rọ nìkan kò tó yà. Ó ní bí àwọn abúlé yòókù bá rí i tí àwọn èèyàn ń dí kànga àtijọ́, wọ́n á mọ̀ pé ayé ti yí padà lóòótọ́. Àwọn baba ńlá wa ló gbẹ́ kànga náà, inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Àwọn àgbà ìlú ń wo ara wọn lójú. Bàbá jẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n wọ bàtà tuntun, gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n ní kí àwọn èèyàn wọn kó òkúta wá. Àwọn èèyàn náà sì kó o wá. Bí àlejò ló bá sọ ọ́, wọn ì bá bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ náà kò pẹ́ tó fi bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó wá tún un ṣe. Òkúta àti yẹ̀pẹ̀ pupa ti kún kànga náà dé ẹnu. Wọ́n gbìyànjú láti kó o jáde, kò ṣeé ṣe. Wọ́n padà sí omi adágún, àrùn sòbìyà sì wọ ìlú. Ìyá Òkè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ti bàjẹ́. Ní gbogbo oṣù yẹn, mọ́tò síníma ń gbé fíìmù kànga kiri àwọn abúlé mìíràn, Bàbá sì ń fi gbohùngbohùn sọ fún wọn pé, ẹ wo bí inú àwọn wọ̀nyí ṣe ń dùn. Nígbà tí wọn kò lè sọ ọ́ mọ́, wọ́n lọ bẹ ọ̀gá wọn pé kí ó jẹ́ kí àwọn máa wakọ̀ nìkan.

Fọláṣadé bi wọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí ló dé tí wọ́n ń sọ ọ́ fún òun. Fíìmù kò ní ohùn. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ láéláé.

Bàbá ní, "Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ nìyẹn."

Mo rò pé ó ti parí. Fọláṣadé tún tan fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó fẹ́ kí Bàbá dárúkọ àwọn tí wọ́n bá mọ̀. Wọ́n ń dárúkọ wọn lọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lójijì wọ́n ní kí ó dá a padà. Ó dá a padà. Wọ́n ní kí ó tún dá a padà. Èmi náà rí i. Obìnrin gíga kan ló pọn ọmọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òkúta, ó jù ú sínú kànga, ó sì yíjú sí wa, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jí wà lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá ní, "Yọ ibẹ̀ kúrò."

Fọláṣadé ní òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé èyí tí kò wu òun, kí ni ìyàtọ̀ òun àti ayàwòrán tó ní kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín? Bàbá mi orí, wọ́n ní òótọ́ ló sọ. Wọ́n ní kí ó ṣì yọ ọ́.

"Bàbá, ẹlẹ́rìí ni fíìmù yìí o."

"Ẹlẹ́rìí ni èmi náà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ títí ó fi di òótọ́ lójú wọn. Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń rìn nìyẹn. Fi ohùn mi sí i, kí o yọ ojú wọn."

Fọláṣadé ní kí àwọn kọ́kọ́ gba ohùn náà sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀, a dúró títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi pa jẹnẹrétọ̀ wọn. Bàbá jókòó, wọ́n wọ ẹ̀wù ìlọ́ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Fọláṣadé ní kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá gbé ọwọ́ sẹ́nu bí ẹni di gbohùngbohùn mú. Ohùn kan jáde tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. "Ẹ̀yin èèyàn mi, omi ti dé! Ẹ kó òkúta wá, kí ẹ dí ti àtijọ́!" Ohùn náà dùn, ó lágbára, èèyàn á fẹ́ ṣe ohun tó bá wí. Àwọn ayálégbé méjì ṣí ilẹ̀kùn wọn wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ohùn kékeré wọn sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ìlú. Nígbà tí Fọláṣadé ti lọ, wọ́n wò mí, ó jọ pé ẹ̀rù bà wọ́n díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo rò pé ó ti kú nínú mi."

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Bàbá fúnra wọn fi kú. Ọ̀sán ni, orí àga ni mo bá wọn. Ẹ̀gbọ́n kì í sin àbúrò, nítorí náà Ìyá Òkè kò wá síbi ìsìnkú. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí ilẹ̀ tutù ná kí àwọn tó wá.

Fọláṣadé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ṣe fíìmù náà ní oríṣi méjì. Ohùn Bàbá wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n inú ọ̀kan ṣoṣo ni ojú Ìyá Òkè wà. Ó ti lọ sí ìlú wa kí Bàbá tó kú, kí Ìyá Òkè lè sọ tẹnu wọn, ṣùgbọ́n wọ́n lé e, wọn ò jẹ́ kó jókòó. Ó ní, "Ìwọ lo bá wọn gbé. Èwo ni kí n mú?" Mo ní kí ó fún mi láyè. Inú mi kò dùn sí ìbéèrè náà. Bàbá nìkan ni ǹ bá bi, àwọn sì ti sọ tiwọn.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni Ìyá Òkè dé. Ọmọ wọn ọkùnrin ló fi mọ́tò gbé wọn wá, ó dúró síta, ó ń kí àwọn ayálégbé. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àga tó kọjú sí ti Bàbá, wọ́n sì ń wo àga òfìfo náà fún ìgbà díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò ní kí n dìde.

Wọ́n ní, "Fíìmù tí ọmọbìnrin yẹn ń gbé kiri, ṣé mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀, Ìyá."

"Kí ni mò ń ṣe?"

Mo lè sọ pé wọ́n ká apá. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ohun tí Bàbá fẹ́ nìyẹn, kò sì ní gbà ju èémí kan lọ. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i. Mo ní, "Ẹ pọn ọmọ."

"Mo mọ̀ pé mo pọn ọmọ. Òun ló wà níta yẹn. Ọwọ́ mi ni mò ń bi ọ́."

Mo wo ilẹ̀. "Òkúta ló wà lọ́wọ́ yín, Ìyá. Ẹ jù ú."

Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ wọn níta. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ṣé Àlàmú rí i?"

"Wọ́n rí i. Wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò."

"Kí ló ní kí wọ́n fi síbẹ̀?"

"Ohùn tiwọn."

Ìyá Òkè mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí n pe ọmọbìnrin náà. Mo pè é, mo na fóònù sí wọn. Wọ́n gbé e jìnnà sí ẹnu díẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó ń bá ẹni òdìkejì odò sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ọmọbìnrin, èmi tí mo lé ọ lọ́jọ́sí nìyí. Má yọ mí kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo ṣíwájú Àlàmú wáyé. Ibi tó bá dúró sí, kí o fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."